Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Epo Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ epo, mi ò sì lè sọ ọ́ létí ìyá mi. Àdéhùn kan wà láàárín wa. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi kú sí, nínú jàǹbá ọkọ̀, nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà yẹn kan náà ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀ yìí, ìyá mi mú mi búra pé tó bá já mi kulẹ̀ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, màá tà á. Mo búra. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé màá fẹ́ràn ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin ni mí, eré ọkọ̀ sì máa ń dùn mọ́ mi. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ sí i, ẹ jẹ́ ká kúkú gbà pé ẹ ti sọ tiyín náà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré kan ni, tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Mẹkáníìkì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá mi fi tọ́bò tó tóbi jù ú lọ sí i, ó tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò, ó sì yọ àpótí dúdú tó bo fílítà afẹ́fẹ́ kúrò. Fílítà pupa rogodo ló fi rọ́pò, ó wà ní gbangba lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ óò máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Ohùn yẹn nìkan ti tó oúnjẹ fún mi.

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá kún táńkì lọ́jọ́ Ajé, ó ń gbé mi dé ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ọjọ́rú ni iná epo ti ń tàn.

Iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa wá ìdí àìsàn. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá Under G, àdúgbò yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé ibà àti inú rírun wá bá wa. Mo wá mú ọkọ̀ náà bí ẹni mú aláìsàn. Mo kọ́kọ́ fura sí ilé epo, mo yí ibi tí mo ti ń rà á padà. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo tilẹ̀ wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn ọlọ́kadà ń yà mí sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bojú wẹ̀yìn wò mí. Kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí mo fi ìka kan ẹnu sàléńsà, ìka mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Epo ń wọlé, àmọ́ kò jó dáadáa, mi ò sì mọ ohun tó fà á.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ọ̀yọ́ ni ìyá mi ń gbé. Aládùúrà ni, sùtánà ló ń rán fún àwọn ará ìjọ. Láràárọ̀, mo máa ń tan ọkọ̀ kó lè móoru, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá yẹ omi àti ọ́ìlì wò gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá wọlé lọ múra. Tí mo bá padà jáde, ìyá mi á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ètè rẹ̀ á ṣì máa mì. Màá ṣe àmín, màá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, màá lọ.

“Kí ló ń ṣe ọ́?” ló bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. “Ojú rẹ ò rí bó ṣe ń rí.”

“Kò sí nǹkan kan, mà.”

Láti ọjọ́ yẹn, àdúrà rẹ̀ gùn sí i.

Ohun tí mò ń sá fún wá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan. Tírélà kan ń wọ́ lọ níwájú mi, mo yọjú, ọ̀nà mọ́, mo tẹná. Ọkọ̀ náà wúkọ́. Mo tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, kò lọ. Ẹ̀gbẹ́ tírélà yẹn ni mo ṣì wà nígbà tí òmíràn yọ níwájú nínú kùrukùru ọyẹ́, iná rẹ̀ tàn sí mi lójú, ó ń fọn fèrè bọ̀. Mo tẹ bíréèkì, mo sì fi agídí yà padà sẹ́yìn tírélà àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ èkejì gbọn ọkọ̀ mi jìgìjìgì bó ṣe kọjá.

Mo dúró sẹ́bàá títì. Mo bú ọkọ̀, mo bú mẹkáníìkì, mo bú ara mi, ìgbà tí mo rántí ìyá mi ni mo tó ṣíwọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ì bá gba èèyàn méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé tí a ò bá rí ìdí rẹ̀ lónìí, màá tà á.

Mo rọra wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà ní ọkọ̀ ń ṣi afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé wọ̀n. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí bí fílítà ṣe ń dán, ó mi orí.

“Àǹtí, ọ́ìlì ni tọ́bò yín ń yọ. Àfi ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

“Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ yọ fílítà yẹn ná.”

Eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó nípọn bí ẹrẹ̀. Nínú páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà tín-ín-rín tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà ń yọ̀. Mo fi ìka kàn án, mo fi ìka pa ìka, mo gbé e símú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń rùn bí nǹkan tó jóná. Èyí ń ta sánsán. Òórùn iwájú orí mi ni, lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Òróró àdúrà ni.

“Kí ni, Àǹtí?”

“Ẹ fọ wáyà yẹn. Ẹ fún mi ní fílítà tuntun. Ẹ má sọ nǹkan kan kalẹ̀.”

Ó fọ̀ ọ́. Ó ní wáyà tí òróró bá ti bò kò lè mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mọ́, kọ̀ǹpútà á kàn máa da epo sílẹ̀ ni, fílítà tó sì ti dí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ lè sáré. Ó béèrè ẹni tó ta òróró sí i. Mo sanwó, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Bí mo ṣe ń padà sí Ọ̀yọ́ nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ ń fò, ọwọ́ gééjì epo fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Inú mi ì bá dùn, àmọ́ ńṣe ni inú ń bí mi sí ìyá mi. Mo ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ jọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ délé, èyí tí mo bá tò tán, màá tún fi èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀.

Ìyá mi wà nídìí máṣíìnì, aṣọ funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò kí i.

“Màmá, kí lẹ ń dà sínú ọkọ̀ mi?”

Kò tilẹ̀ fi pa mọ́. “Òróró ni. Ibi tó ti ń mí ni mo máa ń ta á sí. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́, tí o ò sì fẹ́ sọ, mo fi kún un.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti epo, mo sọ ti wáyà, mo sọ ti tírélà méjèèjì. Mi ò fi bò. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì fẹ́ kó dùn ún.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máṣíìnì.

“Omi àdúrà ni mo wọ́n sí ọkọ̀ bàbá rẹ,” ló wí. “Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Omi nìkan. Láti gbogbo ọdún yìí ni mo ti ń rò ó. Mo ní bóyá òróró ni kò sí níbẹ̀.”

Èmi tí mò ń fi ìwá-ìdí-àìsàn ṣiṣẹ́ jẹun, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ti ń wá ìdí ikú bàbá mi nínú ilé kan náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó sì ti gbà pé ọwọ́ òun ló wà. Ìbínú mi tán pátápátá, ojú sì tì mí.

“Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́,” ló tún wí.

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà.” Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tòun ti aṣọ. “Tẹ́ ẹ bá ní kí n tà á, màá tà á lọ́la.”

Ó gbọn orí. “Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tan ọkọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wọlé lọ múra. Nígbà tí mo jáde, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní kó wá gbàdúrà. Ó ní òun ti gbà á nínú yàrá, kí n máa lọ.

Mi ò ya tírélà kankan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe páàkì níwájú ilé àyẹ̀wò, mo pè é. Fóònù ò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tó fi gbé e.

“O ti dé?”

“Mo ti dé, mà. Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Oúnjẹ kẹ̀?” ló wí. “Mi ò tíì jókòó látìgbà tí o ti jáde.”