Ìyá Ẹlẹ́ṣin Tí Kò Sí Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Baba Télọ̀ tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi l'Ágége kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé àwòrán òyìnbó kan tó dá lórí ọkùnrin ẹlẹ́ṣin kan. Bí wọ́n bá ti fi itọ́ ra ìka, tí wọ́n ṣí i, gbogbo wa á yí wọn ká.

Wọ́n á ní, "Ìyá ẹlẹ́ṣin ló wà lẹ́yìn igi yìí."

A kì í rí ìyá kankan, ṣùgbọ́n a gbà.

Ọdún tí tẹlifíṣọ̀n dé, ilé ọ̀rẹ́ wọn n'Íkẹjà la ti wo ìtàn inú ìwé náà. Ẹlẹ́ṣin dé, ìyá ò dé.

Mo ní, "Baba, irọ́ yín ti tú! Ìyá dà?"

"Ẹ ò rí i bí àpótí yẹn ṣe kéré ni? Ibo lẹ fẹ́ kí ìyá jókòó sí?"

Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ìtàn wọn mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó dé, ìsọ̀ wọn ti kún. Ìdúró ni mo fi gbọ́ ohun tí ìyá wí.