Làálì ni, kì í ṣe àrùn ẹ̀dọ̀

Ẹ gbà mí, ṣé mo jọ ẹni tó ń kú lọ ni?

Ọkùnrin kan ń tẹ ẹsẹ̀ fún àwọn èèyàn lọ́jà Àpòmù láàárọ̀ yìí. Ó ní gbogbo ẹ̀yà ara ló ní ojú ibi tirẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, pé ibẹ̀ lòun ti ń rí àìsàn. Èmi náà bá jókòó.

Ó gbé ẹsẹ̀ mi, ó mirí.

"Àǹtí, ẹ wo bó ṣe dúdú. Ẹ̀dọ̀ yín ti ń bàjẹ́."

Mo tẹ̀ síwájú wo ẹsẹ̀ náà.

"Ọ̀gá, làálì tí mo lé nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi nìyí!"

Ojú ò tì í. "Làálì náà ló wọ inú ẹ̀dọ̀."

"Ẹ̀dọ̀ tèmi wà nínú ikùn, kò sí nínú bàtà!"

Mo wọ sálúbàtà mi, mo bá tèmi lọ.

Ẹ̀yin tá a jọ lé làálì lọ́jọ́ náà, ẹ dáhùn: ẹ̀dọ̀ ta ló ṣì kù?