Ìyá Ìyàwó Mi àti Ọkọ̀ Òfurufú Inú Pálọ̀

Ọdún tí a bí àkọ́bí wa ni mo di awakọ̀ òfurufú. Inú pálọ̀ wa ní Àgbowó ni mo ti ń wa ọkọ̀ náà, lórí àga onítìmùtìmù, pẹ̀lú ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò tíì fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ òfurufú gidi rí. Ibi tí mo sún mọ́ ọn dé ni ẹ̀gbẹ́ wáyà tí wọ́n fi yí pápákọ̀ òfurufú Aláàkíà ká, níbi tí mo ti dúró wo ọkọ̀ kan tó ń gbéra nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n máa ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Ohun tó ga jù tí mo ti darí rí ni àkàbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fà á. Ó lọ kàwé nílùú Òyìnbó, nígbà tó ń bọ̀, ó mú kọ̀ǹpútà kékeré kan dání, tí kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Ara tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí òkè Ọya, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan àti ìwé ìlànà tì í. Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni ọkọ̀ òfurufú wà.

Kì í ṣe irú eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọdé fi ń yìnbọn pa ara wọn. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kó jọ òótọ́ gan-an ni. Ọkọ̀ kékeré ni, ẹ́ńjìnnì méjì, abẹ̀bẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan níwájú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìlànà ṣàlàyé pé irú ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ni, epo tó jọ kẹrosíní ló ń jó, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń yí. Èèyàn ò kàn lè ṣáná sí i kó máa lọ. Ti ọ̀tún lo máa kọ́kọ́ jí, wàá dúró kí ooru rẹ̀ dé ìwọ̀n, kó o tó kan ti òsì. Bí o bá kánjú, ẹ́ńjìnnì á jóná lójú rẹ. Mo jó ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ kí n tó kọ́ sùúrù.

Ká tiẹ̀ tó débẹ̀, a ní láti fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò tí a fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, kó máa han gooro fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí kọ̀ǹpútà tó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, mo ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan áyọ́ọ̀nù. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, àtúnbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí awakọ̀. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì láti Dùgbẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà bá ṣáná tó sì gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, màá mi orí, màá sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ní ọ́fíìsì, mo máa ń sọ bí mo ṣe la kurukuru kọjá lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ fún télọ̀, mo ní kó bá mi lẹ aṣọ dúdú sí èjìká méjèèjì. Ìyàwó mi wo ṣẹ́ẹ̀tì náà títí, ó ní ó jọ ti ọmọ ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan ni pé mi ò tíì balẹ̀ rí. Gbígbéra ò ṣòro. Ẹyẹ gan-an, ìgbà tó bá fẹ́ bà lèèyàn ń mọ èyí tó gbọ́n. Odindi oṣù méjì, kò sí ọjọ́ kan tí ọkọ̀ mi délẹ̀ ní kíkún. Mo já lu òkè, mo já sómi, mo já sí ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń bà sí, níbi tí kò sí nǹkan kan rárá. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi tó ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́yìn mi béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá àwọn èrò inú ọkọ̀ yìí ní mọ̀lẹ́bí. Mo tún jí ẹ́ńjìnnì ọ̀tún.

Ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá bá wa wẹ ọmọ. Aránṣọ ni wọ́n, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n dàgbà sí, wọn kì í sì í pariwo. Bí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tán, wọ́n á pọ̀n ọ́n, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mi, wọ́n á máa wo ohun tí mò ń ṣe. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín rí. Ohun tí wọ́n ń ṣe burú ju ẹ̀sín lọ: bí ọkọ̀ mi bá ti já, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àna mi," bí ẹni tó ń kí ẹni tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí lóòótọ́. Mo máa ń gbọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́ o" tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹnu mi ti wá gbòòrò jù ní ọ́fíìsì, ọkùnrin kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi sọ pé àbúrò òun tó ń gbé ní Àpáta ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an fún ilé iṣẹ́ kan. Ó ní àwọn máa wá wo bí mo ṣe ń ṣe é. Bí mo bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ǹ bá ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó ni wọ́n wá, lẹ́yìn aago mẹ́wàá tí wọ́n ti gbà kí ará ìlú jáde. Mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi aláṣọ dúdú léjìká. Mo ti to àga sẹ́yìn ara wọn bí ti inú ọkọ̀. Awakọ̀ òfurufú gidi náà wọlé pẹ̀lú dàǹṣíkí àti sálúbàtà, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó mi, ó bá wọn ṣeré díẹ̀ nípa ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ó wo èjìká mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra gbé ojú rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Mo mọ ìgbà tí ó gbé e.

Mo jí ẹ́ńjìnnì ọ̀tún, mo dúró, mo jí ti òsì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, èmi tí mò ń yàwòrán ilé, mo ń ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún ẹni tó ti jí i ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọjá. Ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. A gbéra dáadáa. Mo fò yíká, mo kọjú sí rọ́nwéè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ìlà funfun méjèèjì wà ní àárín ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an, eré ọkọ̀ kò pọ̀, kò kéré. Ẹnu mi ò dúró. Mò ń sọ fún wọn pé sùúrù ni gbogbo rẹ̀, pé awakọ̀ tí ara rẹ̀ ò balẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ò lè balẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni a kan ilẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọkọ̀ ti fọ́.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àna mi," ni ìyá ìyàwó mi wí.

Awakọ̀ gidi náà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka kan iná kékeré kan lójú rẹ̀. Mo gbàgbé láti na ẹsẹ̀ ọkọ̀. Táyà ọkọ̀ náà ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Ikùn lásán ni mo fi gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwàásù mi nípa sùúrù. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là. Ẹni tó kọjú tábìlì sí mi ní ọ́fíìsì ti dorí kodò, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Ọmọkùnrin awakọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́, ohun kan náà ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀gá mi tó jókòó tì mí ló béèrè ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi." Ó wá ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó ń gbẹ́kẹ̀ lé orí ara rẹ̀ níbi iṣẹ́ àwọn. Ẹnì kan á máa ka ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe látinú ìwé, ẹnì kejì á máa dáhùn, bó ti wù kí onítọ̀hún pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí n wá ẹni tí á máa bi mí.

Ìyàwó mi ní òun ò ráyè. Ìyá rẹ̀ ní òun lè ka ìwé bó bá jẹ́ Yorùbá, nítorí òun ti ń ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún àwọn obìnrin ìjọ láti ìgbà pípẹ́. Bí mo ṣe jókòó nìyẹn, tí mò ń túmọ̀ ìlànà ọkọ̀ òfurufú sí Yorùbá lẹ́yìn páálí mílíìkì: Epo ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì òsì ńkọ́? Ìyẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ńkọ́?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n gbé páálí náà dání bí ìwé orin. Wọ́n ní a ò ní gbéra láìgbàdúrà. Mo di ojú. Àdúrà náà gùn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ti ń jó epo. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn gẹ́lẹ́ bí ohùn ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í sì í kúrò lórí ìbéèrè kan títí màá fi dáhùn sókè. Wọ́n fi tiwọn kún un. Láàárín ẹ́ńjìnnì òsì àti ìyẹ́, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní mi ò tíì jẹ. Wọ́n ní bí a bá ti gbéra, kí n tètè gbé ọkọ̀ náà padà wálẹ̀, kí ẹ̀bà má baà tutù.

Nígbà tí a gbéra, tí a fò yíká, tí a kọjú sí rọ́nwéè, wọ́n béèrè ẹsẹ̀. Mo ti tún gbàgbé. Mo tẹ bọ́tìnnì, iná kékeré náà yí padà, a bà gbì, a tún fò díẹ̀, a bà. Mo ti balẹ̀. Mo dìde lórí àga, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

"Ẹ wo iwájú," Màmá ní.

Ọkọ̀ náà ṣì ń sáré lọ. N kò mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá a dúró. Láti oṣù méjì, n kò débẹ̀ rí, n kò sì ka ojú ewé yẹn rí. Ewé náà tiẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra bó ṣe ti ilé ìtẹ̀wé dé. Mo ń ṣí ìwé, ọkọ̀ ń lọ. A sáré dé òpin rọ́nwéè, a bọ́ sínú koríko, tẹlifíṣọ̀n kọ ohun tó máa ń kọ. Ìyàwó mi dé ẹnu ọ̀nà lásìkò láti kà á.

Màmá gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ páálí náà fúnra wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó tẹ̀ gbọọrọ: Bíréèkì ńkọ́?

Ìgbà kẹta tí a tún gbìyànjú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló bọ́ sí i. A balẹ̀, a fa bíréèkì, ọkọ̀ dúró pátápátá láàárín ìlà funfun méjèèjì. Mo pa ẹ́ńjìnnì òsì, mo pa ti ọ̀tún. Inú mi dùn gan-an. Màmá yọ awò ojú wọn, wọ́n tún ọmọ pọ̀n, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n náà dáadáa.

"Ibo la dé báyìí?"

Mo ṣàlàyé pé ibi tí a ti gbéra ni.

"Gbogbo làálàá yìí," ni wọ́n wí, "ibi tí a ti kúrò náà la padà sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, a dúpẹ́, wọ́n sì lọ gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, Màmá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rò pé màá lè máa ka páálí náà fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè kì í dúró gbọ́ èsì. Mo tún já lu òkè tó pọ̀ kí n tó lè dá nìkan balẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é, kò sí ẹnikẹ́ni nílé, mo sì ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn tipẹ́; ìyàwó mi ti fi ṣe aṣọ ìnulẹ̀. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ojú ewé méjì gbáko, mo ròyìn bí mo ṣe na ẹsẹ̀, bí mo ṣe fa bíréèkì, gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tó tẹ̀ gbọọrọ. Ìlà àkọ́kọ́ kí mi kú ewu ọ̀nà. Ìyókù lẹ́tà náà béèrè bóyá ọmọ ti ń hu eyín.