Yàrá Mẹ́rin Nínú Àpótí Kan

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ Ládépọ̀ ní Parakou, ọ̀rọ̀ òun àti kámárádì Sàídì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ládépọ̀, ọmọ Ṣábẹ̀, ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí òwú. Ní àràárọ̀ ni ó ń kọ ìròyìn: yàrá kìíní àti ìkejì ń ṣiṣẹ́, ìkẹta dúró, ìkẹrin ṣófo. Ní ọdún 1987, Sàídì, aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba, wá fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn yàrá náà. Àpótí onírin kan ṣoṣo ló bá.

Ó ní, "Kámárádì, yàrá mẹ́rin lo kọ. Ògiri wọn dà?"

Ládépọ̀ ṣàlàyé pé kò sí ògiri, pé ẹ̀rọ náà ló fi ìṣirò pín inú ara rẹ̀, tí apá kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun nìkan ló wà. Sàídì fa kálàmù yọ, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa fún ìjọba. Ọwọ́ Kúlúsúmù, akọ̀wé tó ń tẹ ẹ̀rọ, dúró gbagidi. Ó mọ àwọn tí wọ́n ti tìtorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ kó lọ.

 Ládépọ̀ bẹ Sàídì kó jókòó sídìí ẹ̀rọ Kúlúsúmù, tó ń lo yàrá ìkejì, kó máa tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ní biró kejì, ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Akínwùmí akẹgbẹ́ wọn ń tẹ tirẹ̀ ní yàrá kìíní. Ládépọ̀ tẹ ìlà àṣẹ kan, ó ti yàrá ìkejì. Orúkọ Sàídì dúró sídajì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, kò mira. Wọ́n sì ń gbọ́ Akínwùmí tó ń tẹ tirẹ̀ lọ kọ́kọ́kọ́.

Ládépọ̀ ní, "Ògiri tí ẹ ń wá nìyẹn."

 Ohùn Sàídì rọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ọdún mẹ́ta ni Kúlúsúmù fi bá Ládépọ̀ ṣiṣẹ́. Ládépọ̀ kì í dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni láàárọ̀ àfi tó bá ti bi ẹ̀rọ bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe jí. Bí ẹ̀rọ bá sì ní gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, kò ní gbà á gbọ́. Á fúnra rẹ̀ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ lọ wò ó. Kúlúsúmù rò pé àṣejù ni, títí di ọjọ́ tí Ládépọ̀ bá yàrá ìkejì tó ń wọn òwú ọkọ̀ kan ṣoṣo léraléra láti àfẹ̀mọ́jú. Lójú ẹ̀rọ, ọkọ̀ yẹn nìkan ti kó òwú tó ju ti gbogbo àgbẹ̀ agbègbè Borgou lọ.

Títílayọ̀ ìyàwó Ládépọ̀ wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní biró lọ́jọ́ kan. Ó ní bí ọkọ òun bá dé ilé wọn ní Titirou, á pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ní òun ń kàwé, á lọ wò ó bóyá kò dorí ìwé kodò. Ṣùgbọ́n kì í bi òun.

Ládépọ̀ ní, "Èmi ò bá ẹ níbi tó o ti dúró láìṣiṣẹ́ rí."

Títílayọ̀ mú gèlè rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ẹ̀rín ló ń rín.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́wàá ló mú Ládépọ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ṣábẹ̀. Sàídì wá, òun àti Akínwùmí jọ gbé pósí wọ ọkọ̀. Nígbà tí àwọn alágbàṣe fẹ́ to àpò iṣu tì í, Sàídì dá wọn dúró.

"Ẹ sún ẹrù yín sẹ́yìn," ni ó wí. "Bàbá yìí fẹ́ kí oníkálukú ní yàrá tirẹ̀."

Wọ́n sún un. Kúlúsúmù, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Ajé tí Ládépọ̀ ti kú, bú sẹ́rìn-ín, Títílayọ̀ sì bá a rín in. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú títí ọkọ̀ fi ṣí.