Ọjọ́ Tí Mílíìkì Gbọ́dọ̀ Hó Dànù

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ìyá ọkọ ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n bu ìyẹ̀fun ìrẹsì sọ́wọ́, wọ́n ń jẹ́ kó máa yọ́ jáde láàárín ìka, wọ́n sì ń fi ya òdòdó sórí sìmẹ́ńtì tútù. Mo fara gbá ògiri kọjá kí bàtà mi má baà tẹ̀ ẹ́.

Ará Tamil ni wọ́n, láti gúúsù Íńdíà. Amma, ìyẹn ìyá lédè wọn, ni ọmọ mi ń pè wọ́n; Màmá lèmi ń pè wọ́n. Wọ́n wá sí Peckham nílùú òyìnbó níbí láti wá dúró de ọmọ-ọmọ tí gbogbo wa ń retí. Ìyàwó mi ti kú, èmi ni mo di bàbá tí mo tún di ìyá, nítorí náà kì í sí àárọ̀ tí n kì í yọjú síbẹ̀.

Ọkọ ọmọ mi ti ṣàlàyé Pongal, ọdún tí ìyá rẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ náà, fún mi. Ọdún ìkórè ni. Nílé wọn, ilé-ìwé àti ọ́fíìsì á tì. Wọ́n á kọ́kọ́ dáná sun àwọn nǹkan tó ti gbó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á se ìrẹsì tuntun nínú mílíìkì lójú oòrùn, wọ́n á jẹ́ kó hó dànù kí ọdún lè kún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wẹ màlúù, tí wọ́n á kùn ún lọ́dà ní ìwo. Ní Peckham, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Nígbà tí mò ń wa bọ́ọ̀sì, àìmọye Iléyá ni mo kírun tán tí mo sáré bọ́ agbádá, tí mo wọ yunifọ́ọ̀mù, tí mo gba ẹnu shift lọ.

Inú kíṣìnì ni ọmọ mi wà. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sókè nípa èyí nínú wa.

"Daddy, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Baby ò move. Láti àná. Mo mu omi tútù, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, nothing."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Mi ò tíì sọ fún un. Amma ti ń múra ọdún yìí láti ọjọ́ yìí. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún wọn."

"Pè é. Pè é báyìí."

Ọkọ rẹ̀ sáré wá, ó pe ọsibítù. Agbẹ̀bí tó gbé fóònù kò fọ̀rọ̀ gùn: kí wọ́n máa bọ̀ kíá. Kí tákísì tó dé, mo ti wọ kóòtù, ṣùgbọ́n ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti Amma. Check-up lásán la sọ fún wọn." Mo dúró. Mo wo ọkọ̀ náà títí tó fi ṣẹ́ kọ́nà, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Àgbàlá ẹ̀yìn ilé wọn kò ju ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí lọ. Màmá ti to bíríkì mẹ́ta, wọ́n gbé ìkòkò tuntun kà á, wọ́n so ewé atalẹ̀ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Bí wọ́n ti dá iná ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Wọ́n juwọ́ sí mi, mo sì lọ ṣí agbòjò bo ìkòkò. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n kọjú sí ibi tí oòrùn ìbá ti yọ. Mùsùlùmí ni mí; mo rò ó bóyá ó tọ́ kí n dúró níbẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé àna mi ni mò ń gba òjò lórí, n kò bá ẹnikẹ́ni bọ nǹkan kan. Lábẹ́ ahọ́n, Yà Látíìfù ni mò ń ké pe Ọlọ́run léraléra. Mo fi ọwọ́ kan yọ fóònù. Kò sí nǹkan. Mo tún yọ ọ́.

Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò pọ̀, Tamil tèmi kò sí rárá. Wọ́n tọ́ka sí ikùn ara wọn. "Baby?"

"Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò," mo dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. N kò lè wojú wọn.

Wọ́n mi orí. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti ọwọ́ púpọ̀, wọ́n jẹ́ kó yé mi pé àwọn ti mọ̀ láti àná. Àwọn rí i pé ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì pe ẹnikẹ́ni pé kó wá fọwọ́ kan bí ọmọ ṣe ń tapá. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Bí mi ò bá se é, kí ni kí n fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Òjò pa iná. A jọ gbé ìkòkò wọlé sórí gáàsì. Ẹ̀rọ tó máa ń kìlọ̀ bí eéfín bá pọ̀ nílé bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí wa, mo gun àga lọ fi tówẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ títí tó fi dákẹ́. Bí mo ti sọ̀kalẹ̀, mílíìkì ń ru sókè. Ọwọ́ mi ti lọ síbi tí n ó ti dín iná kù, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Màmá gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Mílíìkì náà ru, ó ya bo ìkòkò, ó sì pa gáàsì. Wọ́n kígbe ọdún wọn, "Pongalo Pongal!", ṣùgbọ́n ohùn wọn já ní ìdajì.

Wọ́n tún tan gáàsì; nígbà tí ìrẹsì jinná, wọ́n bù ú fún mi pẹ̀lú ṣúgà ìrèké. Mo gbé àwo náà sílẹ̀, mo tún yọ fóònù.

Nígbà tí fóònù dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ ọmọ mi ni. Ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. "Daddy, ọkàn ọmọ ń lù. Ọkàn rẹ̀ ń lù." Ṣùgbọ́n omi tó yí ọmọ ká ti dín kù jù, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ mi padà wálé. Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín mílíìkì tó dà, wọ́n sunkún.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde, kò tó bí ẹyẹlé tó sanra. Inú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Èmi àti Màmá la jọ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó, a ó jókòó sí ìjókòó kan náà.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Síbẹ̀, bó bá sùn lọ lórí àga ní ilé mi lọ́sàn-án, n kì í lè kàwé, n kì í lè gbọ́ rédíò. Àyà rẹ̀ ni mo máa ń wò, bó ṣe ń lọ sókè, bó ṣe ń wá sílẹ̀.