Nígbà Tí Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àkójọ Ọ̀rọ̀ Wa

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, la jọ bẹ̀rẹ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ Èkìtì náà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni òun ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Èmi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ilé wa ní Àrámọkọ. Òun ló ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Èmi ni mo kọ ètò tí ẹni tó bá tẹ “ilé” sórí fóònù yóò fi rí “ulé”, àti ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni mo ń kó kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, pamọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ náà làwọn ènìyàn ti ń kọ àtúnṣe sí wa: ará Ìlórò á ní àwọn kì í pè é bẹ́ẹ̀, ará Odò-Ọwá á dá a lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ wọlé sórí ìkànnì náà, kò ṣí. Wọ́n ní mo rú òfin; wọn ò sọ èwo. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi.

“Ṣé gbogbo iṣẹ́ náà ló lọ ni?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Kóòdù wà lódidi lórí kọ̀ǹpútà mi.”

“Ọ̀rọ̀ táwọn ènìyàn kọ ńkọ́?”

“Ìyẹn wà lọ́dọ̀ wọn. Ọwọ́ mi ò tó o.”

“Háà! Ibẹ̀ nìkan la kọ orúkọ oríṣiríṣi uṣu tí bàbá Ìlórò kà fún wa sí, wọ́n sì ti sin bàbá náà. Ta ni kí n wá bi báyìí?”

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Mo yá sáfà kékeré kan lò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru. Mo gbé ètò kan sórí rẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Wàhálà rẹ̀ ò kéré. Mo lè wà lórí ọ̀kadà ní òkè Ẹ̀fọ̀n kí ẹnìkan pè pé àkójọ ọ̀rọ̀ náà kò ṣí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ padà sí Ìlórò. Ọmọ bàbá náà rántí díẹ̀ nínú orúkọ iṣu wọ̀nyẹn, kò rántí tán.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kàn ṣílẹ̀kùn fún mi, láìsọ ìdí. Mo yára da gbogbo ọ̀rọ̀ náà kọ.

“Ṣé ká padà síbẹ̀ wàyí?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo ní ká fi ẹ̀dà kan síbẹ̀, torí ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí, ṣùgbọ́n sáfà wa ni iṣẹ́ yóò máa kọ́kọ́ dé. Ó gbà, àmọ́ ó ṣì ń ráhùn pé tiwa máa ń falẹ̀. Òótọ́ ni.