Ẹ Má Fún Un Lómi

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́, nítorí ó lè fá orí ọmọ tuntun kí ọmọ náà máa sùn lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: dígí ńlá, àga tó ń yí, bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró, àti igun kan tí ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Wàhálà kì í bá wọn níbẹ̀, àfi ọdún tí òdòdó dé.

Awakọ̀ akẹ́rù kan, oníbàárà rẹ̀, ló gbé e bọ̀ láti aṣálẹ̀. Igi kúkúrú ni, ìdí rẹ̀ wú bí ikùn ẹni tó yó, ewé orí rẹ̀ ò ju mẹ́wàá lọ.

"Inú ikùn yẹn ló ń tọ́jú omi sí," awakọ̀ ní. "Gbé e sí oòrùn. Bó o bá ń bomi rin ín bí ẹ̀fọ́, o máa pa á ni."

Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ lu ihò mẹ́ta sí ìdí agolo ọ̀dà, ó po iyanrìn mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, ó gbìn ín, ó gbé e sí etí ògiri ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń fún un lómi. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tó bá ti ìka bọ iyanrìn náà, tútù ló ń bá a. Ó fura sí àwọn oníbàárà. Ló bá fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: Ẹ MÁ FÚN UN LÓMI.

Ibi tó kọ ọ́ sí ló dìjà. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ìyá ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, tí á máa tòògbé. Arúgbó náà ò mọ̀wé. Àwọn tó ń kọjá mọ̀ ọ́n kà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àdúgbò ti gbọ́ pé onígbàjámọ̀ fẹ́ fi òùngbẹ pa ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ rọra gbé ike omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ màmá, ó sì sá lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, já wọlé.

"Ọkọ àbúrò mi, kí ni ìyá mi fi ṣe ọ́?"

Abẹ dúró láàárín orí oníbàárà. "Màmá kẹ̀? Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

"O wá kọ ọ́ sógiri pé kí wọ́n má fún wọn lómi! 'Un' lo tún kọ! Ìyá mi, arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún, o ò rí 'wọn' kọ!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, òdòdó ni! Òdòdó tó wà níta yẹn ni!"

Ariwo ti jí màmá. Ó dáhùn láti ìta: "Ta ló ní kí wọ́n má fún un lómi? Ojoojúmọ́ ni mo ń da ìdajì ife mi sí i. Ẹ̀yin ò lójú àánú ni? Ohun tó wú nikùn, tó pá lórí, ṣebí àìsàn ló ń ṣe é!"

Ta ní í bá ìyá ìyàwó jà? Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ jáde, ó tẹ ikùn igi náà, ìka rẹ̀ wọlé bí ẹni tẹ ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù. Ó fà á tu: gbòǹgbò ti rà. Ó mú abẹ tuntun, ó ń gé ibi tó rà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ibi tó funfun.

"Ọ̀gá, orí mi ńkọ́?" ni oníbàárà tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì béèrè.

"Ẹ mú sùúrù. Tiyín ò lè kú."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi igi náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó gbẹ, kó tó tún un gbìn sínú iyanrìn tuntun. Ó wá lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ife kan, Sátidé nìkan."

"Ṣé o fi lé mi lọ́wọ́?"

"Tiyín ni, mà."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fún igi náà lómi. Nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ife sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, arúgbó là ojú kan.

"Ọjọ́ wo lòní?"

"Ọjọ́ Ẹtì, Màmá."

"Gbé ife yẹn padà."

Oṣù kẹjọ ni òdòdó pupa méje yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Màmá sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pé, bí kì í bá ṣe òun tó tètè dá sí i, ebi àti òùngbẹ ni wọn ì bá fi pa á. Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ilé. Ó gbọn aṣọ àga, ó sì pe ẹni tó kàn.